Ìtàkùn Tí Kì Í Fẹ́ Ìbátan Rẹ̀

Bàbá Káfíńtà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wọ yàrá ìgò, níbi tí àǹtí mi ti ń tọ́ ewéko, tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀, ó gbé àpò kan lé orí tábìlì funfun tí àǹtí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán, ó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ síta. Òdòdó ni. Òdòdó gbígbẹ, òdòdó tó ti ká jọ, òdòdó tó já bọ́ láti orí ìtàkùn láìso èso kankan.

"Mádàámù, ẹ kà á," ni ó wí. "Tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ wá sọ iye èso tó wà níbẹ̀ fún mi."

Àǹtí mi wo bàtà kó tó wo òdòdó. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Fọwọ́ ni àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó ń ṣáájú "Ṣé ẹ ti fọwọ́?" lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀. Bí iná bá ń jó ilé náà, ó máa kọ́kọ́ bi ẹni tó wá pa iná bóyá ó ti fọwọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bàtà yín..."

"Ẹ fi ti bàtà sílẹ̀ ná! Igba ìtàkùn ni mo gbà lọ́wọ́ yín. Igba! Mo ri òpó, mo ta wáyà, mo ń bomi rin wọ́n bí ẹni ń tọ́ ìkókó. Wọ́n gùn, wọ́n tanná, gbogbo ayé ń wá ya fọ́tò níbẹ̀. Èso dà? Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni àwọn tó ń fún omi èso fẹ́ wá wo oko. Bí wọn ò bá rí èso, oko ẹlòmíì ni wọ́n máa mú. Ṣé òdòdó ni kí n gbé fún wọn mu?"

Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Ọdún méjì sẹ́yìn ni ẹ̀rọ ìlagi gé ìka rẹ̀ méjì, iṣẹ́ káfíńtà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oko ìtàkùn yìí ló kù fún un. Òpó tó rì síbẹ̀ gún régé débi pé bí o bá dúró sí ìdí àkọ́kọ́, o kò ní rí èkejì lẹ́yìn rẹ̀. Ohun gbogbo tó mọ̀ nípa igi ló fi ṣe é.

Àǹtí mi fà á síbi àga. "Bàbá, mo sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá kó wọn. Ìtàkùn yìí kì í fẹ́ ìbátan rẹ̀. Bí lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ bá bọ́ sórí òdòdó míì lára ìtàkùn kan náà, ó máa kọ̀ ọ́. Ó mọ̀ pé ara òun ni. Ti àlejò ló ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fún yín ní ọgọ́rùn-ún láti ara Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà, ọgọ́rùn-ún láti ara Ìyá Ẹ̀yìnkùlé."

Ìtàkùn àgbà méjì ni àwọn ìyá náà. Ọ̀kan gun ọgbà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ọ̀kan wà ní ẹ̀yìnkùlé. Àǹtí mi a máa gé ara wọn wẹ́wẹ́ bí èékánná, a fi í sínú ìgò tí oúnjẹ ewéko dì sí bíi jẹ́lì, a sì dé e pa. Láìpẹ́, ewé tuntun a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú ìgò.

"Ẹ sì gbọ́ o," ni àǹtí mi tún wí, "ọmọ inú ìgò kì í ṣe ọmọ. Ìyá fúnra rẹ̀ ni. Bí mo bá gé igba láti ara Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà, ìtàkùn kan ṣoṣo náà ló dúró sí ojú igba. Ta ni wọ́n fẹ́ fẹ́ níbẹ̀?"

"Mo gbin méjèèjì," ni Bàbá Káfíńtà dáhùn. "Ìlà kan Ẹnu-Ọ̀nà, ìlà kan Ẹ̀yìnkùlé. Lébẹ́ẹ̀lì wà lára wọn, ìkọ̀wé tó dáa."

"Akọ̀wé mi ló kọ ọ́." Àǹtí mi nawọ́ sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ìyẹn ò lè ṣì í kọ."

Èmi ni Akọ̀wé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, àbúrò màmá mi sì ni àǹtí yìí. Mo jókòó sí ìgun yàrá lọ́jọ́ náà, mo ń kọ lébẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Bírò já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ká ní ilẹ̀ lè lanu kó gbé mi mì ni, ǹ bá ti bá a lọ láìjanpata.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe, kó má baà dà bíi pé mo fẹ́ bò ó.

Nígbà ìsinmi ọdún tó kọjá, àǹtí mi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìbátan yìí fún mi látòkè délẹ̀. Mi ò gbọ́. Wáyà fóònù wà ní etí mi kan, Rédíò ló sì wà nínú fóònù. Rédíò ni ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, bátìrì rẹ̀ ló máa ń tán. Ohun tí mo mú nínú àlàyé náà kò ju pé "oríṣi méjì ni kó jẹ́" lọ. Mo rò pé ọ̀kan nínú òfin Fọwọ́ náà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àǹtí mi rìnrìn-àjò ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ó fi ogún ìgò Ẹ̀yìnkùlé, ewéko márùn-ún nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, sílẹ̀ fún mi pé kí n kó ohun tó wà nínú wọn sínú oúnjẹ tuntun. Òfin iṣẹ́ náà kò le. Fọwọ́. Fi sípírítì nu tábìlì. Fi abẹ kọjá lójú iná. Má sọ̀rọ̀ lórí ìgò tó ṣí sílẹ̀. Mo fọwọ́, mo nu tábìlì, mo fi abẹ kọjá lójú iná, mo sì gbé fóònù sílẹ̀ síwájú mi. Rédíò ń sọ bí wọ́n ṣe lé olórí kíláàsì wa jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò nítorí pé ó ń hanrun. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, gbogbo ẹ̀rín náà sì ń wọ inú ìgò lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, nǹkan funfun bí òwú hù nínú ìgò kan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, gbogbo ogún ìgò ló ti bu. Inú bí mi! Kì í ṣe sí ara mi o. Inú bí mi sí ìgò, inú bí mi sí òwú náà, inú bí mi sí àǹtí mi tó yan iṣẹ́ tí èèyàn ò lè rẹ́rìn-ín nídìí rẹ̀. Mo pe Rédíò.

"Ìyẹn lò ń tìtorí ẹ̀ sunkún?" ni ó wí. "Ṣé ewé kan yàtọ̀ sí ewé kan ni? Pín ti Ẹnu-Ọ̀nà sí méjì, kó o kọ Ẹ̀yìnkùlé sára ìdajì. Ta ló máa mọ̀? Àbí ewé máa sọ̀rọ̀?"

Mo dà á rò bí ìṣẹ́jú méjì. Mo ṣe é. Mo da àwọn tó bu nù, mo fọ ìgò, mo gé ewéko Ẹnu-Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sí méjì, mo kó ìdajì sínú oúnjẹ tuntun, mo sì fi ìkọ̀wé mi tó dára jù lọ kọ "Ẹ̀yìnkùlé" sára ogún ìgò. Nígbà tí àǹtí mi dé, ó gbé ìgò kọ̀ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Ẹyọ kan ò bu! Akọ̀wé, ọwọ́ ẹ mọ́."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí," ni mo wí, mo sì lọ jẹun. Inú ogún ìgò yẹn ni ọgọ́rùn-ún "Ẹ̀yìnkùlé" tí Bàbá Káfíńtà gbà ti wá.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ lọ tó ọdún kan.

Ṣé ó rọrùn kí n jẹ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí Bàbá Káfíńtà da òdòdó sílẹ̀? Ó rọrùn. Gbólóhùn kan ni. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn, tí mo ń lé láti kíláàsì kẹrin, ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí mo bá ṣiṣẹ́, àǹtí mi sì ti ṣèlérí pé láàárọ̀ Àbámẹ́ta ni òun máa kọ ọ́. Mo ní kí n gba ìwé mi ná, lẹ́yìn náà kí n sọ̀rọ̀.

Ọ̀sán ni òdòdó ìtàkùn yìí máa ń là, nítorí náà ọ̀sán gangan la máa ń wà lóko. Ọ̀sán mẹ́ta. Àǹtí mi mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ó ń kó lẹ́búlẹ́bú láti ìlà kan, ó ń fi kan òdòdó ìlà kejì. Ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, ó ń kúnlẹ̀. Èmi ni mo ń di agboorùn mú lé e lórí. Bàbá Káfíńtà ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, ó ń ráhùn.

"Mo tilẹ̀ kó pákó jíjẹrà síbẹ̀ yẹn fún oyin dúdú ńlá tó ń lu igi," ni ó ń wí. "Káfíńtà ni wọ́n, káfíńtà ni mí, mo rò pé a máa gbọ́ ara wa yé. Ẹ wò wọ́n! Wọ́n ń jẹun lásán. Ọ̀lẹ!"

Lójoojúmọ́, òdòdó tí àǹtí mi fọwọ́ kàn lánàá máa ń wà nílẹ̀ níwájú wa.

"Kí ló ń ṣe yín gan-an?" Ó ti ń bá ìtàkùn sọ̀rọ̀ báyìí. "Nílé mi, àwọn ìyá yín ń so wọ̀ǹtìwọnti. Ẹ dé ibí, ẹ ò so. Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di wèrè ni?"

Inú ń bí i, inú ń bí Bàbá Káfíńtà, inú sì ń bí èmi náà nítorí pé wọn ò dákẹ́. Bí ẹnì kan bá ń fi iṣẹ́ rẹ̀ jìyà irọ́ rẹ lójú rẹ, ìbínú ló máa kọ́kọ́ wá, ìtìjú a tó tẹ̀ lé e. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá Káfíńtà gbé ọwọ́ rẹ̀ olóníka mẹ́ta sókè, ó wò ó títí. "Bóyá ọwọ́ yìí ni," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ tó ti kù díẹ̀ káàtó. Bóyá òun ló ba nǹkan tí mo gbìn jẹ́."

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Àǹtí mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, òun tó máa ń nu àga kó tó jókòó. "Ẹ̀bi mi ni. Bóyá ìyá méjèèjì ti jẹ́ ìbátan látilẹ̀ tí mi ò mọ̀. Mo ti ta ìtàkùn àgàn fún yín."

"Mo gbọ́. Láàárọ̀ ọ̀la, màá gé gbogbo rẹ̀. Wọn ò ní wá fi òdòdó ṣe mí yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ Ajé."

"Ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì sí i."

"Mádàámù, ó ti sú mi."

Mo la ẹnu. Mo rántí ìwé mi. Mo pa á dé.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ẹ wá wo bí àǹtí mi ṣe ń fi nǹkan falẹ̀! Ó fọwọ́. Ó wá ìwé tí kò ní ìlà. Ó wá gíláàsì ojú rẹ̀ yíká ilé, orí rẹ̀ ló sì wà. Ó kọ ìlà méjì, ó fọn imú, ó tún lọ fọwọ́. Èmi ń wo aago ara ògiri. Mo mọ̀ pé Bàbá Káfíńtà kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a lórí ẹní. Mo mọ̀ pé àdá rẹ̀ mú. Mi ò ṣáà sọ̀rọ̀.

Níkẹyìn ó fọwọ́ sí i, ó nà án sí mi. "Kà á, kí o wò ó bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn."

Mo kà á. Gbólóhùn tó wà láàárín rẹ̀ nìyí: "Ohun tí ọmọ yìí bá kọ sára ìgò, òun gan-an ló wà nínú ìgò."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Omi gba ojú mi. Ọ̀rọ̀ náà sì jáde lẹ́nu mi bí ẹni ń bì, ti ẹ̀rín, ti òwú funfun, ti Rédíò, ti ogún ìgò.

Àǹtí mi kò pariwo. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó fi í sínú àpò rẹ̀. "Wọ bàtà," ni ó wí. "Bàbá yẹn ò ní dúró dè wá."

Kò dúró dè wá. Ìlà mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀, ogún ìtàkùn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ewé wọn ti ń rọ. Ó ti gbé àdá sókè lórí ìlà kẹrin.

"Bàbá, ẹ dúró!" Àǹtí mi tì mí síwájú. "Ẹnu tó o fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́sí, òun ni kó o fi sọ ọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Bàbá Káfíńtà gbọ́ ọ dé òpin láìmi apá. Lẹ́yìn náà ló ju àdá sílẹ̀.

"Mo fi ọjọ́ mẹ́ta bú oyin!" ni ó kígbe. "Oyin tí kò ṣe mí ní nǹkan kan! Mo bú ilẹ̀. Mo bú ọwọ́ ara mi. Ìwọ dúró síbẹ̀, ò ń di agboorùn mú!" Ó yí sí ìtàkùn. "Àwọn wọ̀nyí ń kọ̀ láti fẹ́ ọmọ ìyá wọn, ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń hù, èmi ń pè wọ́n ní àgàn! Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Àwọn yìí ò ṣẹ̀ o, àwọn ni mo gé."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ dárí jì mí."

"Kí ló dé tó ò sọ ọ́ lánàá? Níbí? Nígbà tí mo ní mo fẹ́ gé e?"

Mi ò tún fẹ́ parọ́. "Mo ń dúró kí Àǹtí kọ ìwé ẹ̀rí mi."

Ó wo àwọn ìtàkùn tó wà nílẹ̀ láti ìlà kìn-ín-ní dé ìkẹta. "Ọgọ́ta," ni ó wí. "Ìwé ẹ wọ́n o."

Kò sí ẹgba tó lè dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a já òdòdó Ìyá Ẹ̀yìnkùlé kún abọ́, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì kan gbogbo òdòdó tó là lórí ogóje ìtàkùn tó kù, títí wọ́n fi pa dé. Ẹ̀yìn mi fẹ́ẹ̀ já. Kò sí ẹni tó di agboorùn mú fún mi. Lọ́jọ́ Ajé, nǹkan aláwọ̀ ewé tín-tìn-tín bí ìlẹ̀kẹ̀ ti ń wú nídìí òdòdó. Èso ni. Èso gidi! Àwọn tó ń fún omi èso dé, wọ́n wo ìlẹ̀kẹ̀ náà, wọ́n wo ìlà mẹ́ta tó ti gbẹ, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, àwọn á tún yà wò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Oko ẹlòmíì ni wọ́n mú. Ọdún kan gbáko ni mo gbà lọ́wọ́ bàbá náà, ẹ̀bẹ̀ mi kò sì lè dá a padà.

Èmi náà kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́dún yẹn. Àǹtí mi gba bírò lọ́wọ́ mi, ó dá mi padà sídìí ìfọgò. Gbogbo ọ̀sán ìsinmi ni mo fi wà lóko pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Rédíò ní òun ò rántí pé òun sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bátìrì rẹ̀ tán lórí ìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Káfíńtà la pákó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì fún mi, ó sì ní kí n tú gbogbo lébẹ́ẹ̀lì tó ní "Ẹ̀yìnkùlé" kúrò, kí n kọ orúkọ ìtàkùn náà gan-an.

"Kọ ọ́ dáadáa," ni ó wí. "Ìkọ̀wé tó dáa tó o fi kọ irọ́ yẹn náà ni kó o fi kọ ọ́."

Mo kọ "Ẹnu-Ọ̀nà" títí ọwọ́ mi fi kú. Nínú ọgọ́ta àlàfo náà, a gbin Ẹ̀yìnkùlé tòótọ́, èyí tí àǹtí mi fọwọ́ ara rẹ̀ gé.

Oṣù méjì ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn yàrá ìgò tún ṣí gbà. Bàbá Káfíńtà ni, bàtà ẹlẹ́rẹ̀, àpò lọ́wọ́. Ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì funfun. Èso roboto, èso dídán, wọ́n ń yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀.

"Mádàámù, ẹ kà á!"

Àǹtí mi wo bàtà rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Akọ̀wé ni kó kà á," ni ó wí. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ tún pè mí bẹ́ẹ̀. "Lẹ́ẹ̀mejì."

Mo fọwọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọ iye tó jẹ́ gan-an sílẹ̀.

Ẹ̀yin ojúgbà mi, ohun tí mo fi ọgọ́ta ìtàkùn kọ́ nìyí: ohun tí o bá kọ sára ìgò kò lè yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà. Bí o bá ṣe àṣìṣe, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tó ṣì jẹ́ ogún ìgò lásán. Bí o bá dá a dúró di ọ̀la nítorí àǹfààní ara rẹ, ọ̀la ẹlòmíì ni àdá máa bà.

Ìwé ẹ̀rí mi ṣì wà nínú àpò àǹtí mi. Ó ní òun máa tún un kọ lọ́dún tó ń bọ̀, òun sì máa kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní gbólóhùn kan wà láàárín rẹ̀ tí òun ò fẹ́ pa rẹ́, ọ̀rọ̀ ìgò yẹn, bí èmi bá lè sọ ọ́ di òtítọ́.